“Mò ń Gbàdúrà, Síbẹ̀ Oorun Ò Kùn Mí”: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Kan Ní Ìlọrin

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Ìpàta, nílùú Ìlọrin. Mo ti gé e kúrú, mo sì ti yọ ohun tó lè mú kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, mi ò sùn dáadáa mọ́. Ago méjì òru ni mo máa ń jí, màá wá máa ṣírò: owó ilé, owó ìdánwò ọmọ tó wà ní SS3, owó yunifásítì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá gbàdúrà, ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ kílẹ̀ tó mọ́, ìbẹ̀rù ti padà dé. Mo sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa. Ìyá kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni àníyàn, pé òun ló dí àdúrà mi lọ́nà, pé kí n gun orí òkè lọ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí n sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò sílẹ̀, nítorí àwọn bàbá ìgbàgbọ́ ò lo oògùn. Alájà tí ìsọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé tèmi ní òun á jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àjọ wa, ìyá yẹn tún ní owó Mùsùlùmí kọ́ ni Ọlọ́run máa fi dáhùn àdúrà ọmọ rẹ̀. Bàbá, ṣé mi ò nígbàgbọ́ ni? Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi kí n sùn kí n má jí mọ́.”

Ọmọ mi, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. O ò ṣàdédé sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí. Wòlíì Èlíjà sọ ọ́. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, ó jókòó sábẹ́ igi kan nínú aginjù, ó ní: “Ó tó, nísinsìnyí, Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò.” Ọkùnrin tó pe iná sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run ní orí tó ṣáájú ni o. Wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò bá a wí, kò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti lọ. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun: àkàrà lórí ẹyín iná àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó jẹ sí i, nítorí ọ̀nà náà jìn fún un. Ẹ̀yìn oúnjẹ méjì àti oorun méjì ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, sọ ohun tó ń ṣe ọ́ yìí fún ọkọ rẹ, kí o sì sọ ọ́ fún dókítà rẹ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an, má bù mọ́ ọn, má yọ níbẹ̀. Bó bá sì ti kọjá pé kí o sùn kí o má jí, tó ti di pé o ń ro bí wàá ṣe ṣe é, má dúró de ọjọ́ ìsìn. Lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹnìkan tẹ̀lé ọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà ní Òkè-Ọ̀sẹ̀ ní àwọn dókítà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkàn àti oorun bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ wọn. Kì í ṣe ilé àwọn wèrè ni mò ń rán ọ lọ.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ gan-an: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àníyàn? Mo mọ ẹsẹ tí ìyá yẹn dì mú. “Ẹ má ṣe àníyàn ohunkóhun,” Fílípì orí 4, ẹsẹ 6. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí ojú ewé kan padà sẹ́yìn nínú lẹ́tà kan náà, yóò rí i ní orí 2 tí Pọ́ọ̀lù ń yin Tímótì, ó ní òun ò ní ẹlòmíì tó máa ń fi tinútinú ṣe àníyàn àwọn ará Fílípì bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni. Ní Kọ́ríńtì Kejì orí 11, Pọ́ọ̀lù ka ìyà tó ti jẹ, pàṣán, òkúta, ọkọ̀ tó rì, ó sì fi “àníyàn gbogbo ìjọ” kádìí rẹ̀, ó ní ojoojúmọ́ ló ń wọ́ tì òun. Ṣé Pọ́ọ̀lù wá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ojoojúmọ́ ni? Rárá o. Ìyá tí ò bá ṣe àníyàn owó ìdánwò ọmọ rẹ̀, a ó bi í bóyá òun ló bí i. Ohun tí ẹsẹ náà ń sọ wà nínú ìyókù rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn kì í kà délẹ̀: “ṣùgbọ́n nínú ohun gbogbo, nípa àdúrà àti ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́, ẹ máa fi ìbéèrè yín hàn fún Ọlọ́run.” Ibi tí a ó gbé àníyàn lọ ló ń fi hàn wá. Pétérù sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ alárù, pé ká máa kó gbogbo rẹ̀ lé e. Èèyàn kì í kó ohun tí kò sí lórí rẹ̀ lé ẹlòmíì lórí. Ẹ̀yin ará ọjà Ìpàta mọ̀ pé ẹrù tí a sọ̀ láàárọ̀, a tún lè gbé e lálẹ́. Pé ìbẹ̀rù padà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ ò sọ pé o ò sọ̀ ọ́ nígbà tí o gbàdúrà. Ó kàn ń béèrè pé kí o tún un sọ̀ ni.

Àròkàn ló yàtọ̀. Àwọn àgbà wa ní àròkàn ní ń mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Ìrònú máa ń wá ọ̀nà lọ. Àròkàn kàn ń yí po lójú kan ni. Ìṣirò ago méjì òru yẹn, àròkàn ni, torí kò sí ẹni tí o lè lọ bá ní ago méjì, kò sí ilé-ìwé tó ṣí, kò sí oníbàárà. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún kan, ìjọ tí mò ń ṣe àlùfáà fún ò rí owó oṣù mi san fún oṣù méje. Lọ́jọ́ Àìkú, màá dúró lórí pẹpẹ, màá wàásù pé Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi. Tó bá di òru, màá dìde fi tọ́ọ̀ṣì ka iṣu tó kù ní abẹ́ àká. Mo mọ iye wọn, mẹ́rìnlá ni, mo ti kà wọ́n lálẹ́. Mo tún ń kà wọ́n bíi pé wọ́n lè bímọ kí n tó dé. Ìyàwó mi ló rí mi lóru ọjọ́ kan. Kò wàásù fún mi. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó ní bátìrì náà owó ni.

Bí o bá wò ó, ìyà tó wà nínú lẹ́tà rẹ ju ti owó lọ. Ó dà bíi pé o ti sọ òtítọ́ nínú ẹgbẹ́ àdúrà, wọ́n sì nà ọ́ lórí rẹ̀. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ìyá yẹn nìkan. Àwa tí a ń darí ìjọ la fà á. Nínú ìsìn wa, àkókò ìjẹ́rìí wà fún ẹni tí ogun rẹ̀ ti parí. Ẹni tí ogun rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ò ní àkókò. Ẹ bi èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé ṣé àlàáfíà ni, “A dúpẹ́” ni, kódà bí wọ́n ti lé e kúrò nílé. Yorùbá sì ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, òtítọ́ ni, mi ò ta ko ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ò wù ọ́ lò ń kọ̀ nígbà yẹn. Kò ní kí o parọ́ fún Ọlọ́run nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ìwé Sáàmù ò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé yóò ti pẹ́ tó, Olúwa, ṣé títí láé ni ìwọ yóò gbàgbé mi? Sáàmù 88 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkùnkùn ló fi parí, kò sí “ṣùgbọ́n” kankan níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́ lórin nínú tẹ́ḿpìlì. Jóòbù bá Ọlọ́run ṣe àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ orí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń gbèjà Ọlọ́run. Ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti sọ. Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ tọ Jésù wá nínú Máàkù orí 9 ní: “Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́.” Àbọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn, ọmọ rẹ̀ sì rí ìwòsàn.

Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ló fa ìnira yín, o ò béèrè, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Èlíjà lọ sí odò Kérítì, ó jẹ́ kí ẹyẹ ìwò máa gbé oúnjẹ fún un, odò náà sì gbẹ. Èlíjà ò ṣẹ̀. Òjò ni ò rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó dá ọkọ rẹ dúró dá àwọn ẹlòmíì dúró pẹ̀lú rẹ̀, bí o ṣe kọ ọ́ níbi tí mo gé kúrò. Nínú Kwara wa níbí, ẹ wo ìtàn àwọn míṣọ́nnárì mẹ́ta tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1893 nítorí ilẹ̀ àríwá. Kí 1894 tó parí, méjì nínú wọn, Gowans àti Kent, ti kú. Bingham tó ṣẹ́kù ṣàìsàn títí ó fi padà sílé, ìgbà kẹta tí wọ́n gbìyànjú ni wọ́n tó fìdí kalẹ̀ ní Pátígi. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn méjì tó kú ò tó? Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 1904, ọmọ tiwa tí gbogbo ayé mọ̀ fún àdúrà, oṣù mẹ́fà ló lò lẹ́wọ̀n ní Benin ní 1932.

Bí mo sì ti dárúkọ rẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni “àwọn bàbá ìgbàgbọ́” tí ìyá yẹn ń sọ. Òtítọ́ ni pé wọ́n kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé kuníìnì, oògùn ibà, tí àwọn míṣọ́nnárì láti Bìrìtìkó ń lò wà lára ohun tó fa ìyapa tó bí Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi. Mi ò ní bú wọn. Ara tiwọn ni wọ́n fi san ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹni tó bá ní kí ìwọ fi oògùn sílẹ̀, ara ta ló fẹ́ fi san án? Bíbélì kan náà sọ fún wa pé Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbé aṣọ ara rẹ̀ lọ fún àwọn aláìsàn, ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀, ó sì fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tí èèyàn máa mọ̀ bó bá lọ. Ó lè ga gan-an kí nǹkan kan má ṣe ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga nìyẹn. Ẹni tó já oògùn rẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ náà lè fò sókè. Rọpárọsẹ̀ ni, tàbí kí ó ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́. Àìsùn àti àìbalẹ̀ ọkàn sì ń ti í sókè. Mo ti sin ọmọ ìjọ méjì tó já oògùn wọn nítorí àsọtẹ́lẹ̀. Àwọn tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà wá síbi ìsìnkú, wọ́n jẹun. Má jáwọ́ nínú oògùn rẹ. Bí owó rẹ̀ ló ń nira, sọ fún dókítà, èyí tí owó rẹ̀ dín kù lè wà.

Ti orí òkè ńkọ́? Mo máa ń lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó dára kí èèyàn kúrò láàárín ariwo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlélógún, ní ìgbà tí ìsọ̀ rẹ nìkan ló ń bọ́ ilé, pẹ̀lú ààwẹ̀ lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Mi ò lè fọwọ́ sí i. Bí ó bá wù ọ́, lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, jẹun kí o tó lọ, kí o sì padà sílé lálẹ́. Ìyá àgbà kan wà ní ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ nítòsí Ọ̀mù-Àrán, tó máa ń sá gbódó sórí àpáta. Ìwọ tí ẹ̀lùbọ́ niṣẹ́ rẹ mọ ohun tí òjò ń ṣe fún gbódó tí ò tíì gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ojú ọ̀run ṣú lójijì, mo ń kọjá lọ, mo gbọ́ tí ìyá náà ń kígbe pé, “Olúwa, dá a dúró, Olúwa, dá a dúró díẹ̀ sí i!” Ẹnu ń gbàdúrà, ọwọ́ méjèèjì ń kó gbódó sínú apẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo bá a kó. Òjò bá wa lórí ìdajì. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, “Bàbá Pásítọ̀, ó kúkú dá a dúró fún apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta.”

Alájà wá ni ọ̀rọ̀ kù sí, òun ni mo sì fẹ́ kí o gbọ́ jù. Nígbà tí odò Kérítì gbẹ, ibo ni Ọlọ́run rán Èlíjà lọ? Sáréfátì ti Sídónì ni, ọ̀dọ̀ opó kan. Sídónì kì í ṣe ilẹ̀ Ísírẹ́lì; ìlú àwọn èèyàn Jésíbẹ́lì gan-an ni. Jésù rán àwọn ará Násárẹ́tì létí èyí nínú Lúùkù orí 4, pé opó pọ̀ ní Ísírẹ́lì lọ́jọ́ náà, a ò rán Èlíjà sí ọ̀kan nínú wọn, àfi obìnrin ará Sídónì yìí. Inú bí wọn débi pé wọ́n fẹ́ taari rẹ̀ sísàlẹ̀ òkè. Ó hàn pé kì í ṣe òní ni inú ti ń bí àwọn ẹlẹ́sìn bí Ọlọ́run bá gba ọwọ́ aládùúgbò bùkún wọn. Àwa tí a ń gbé Ìlọrin, tí à ń jẹ ẹran iléyá ní ilé wọn, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì Kérésì ní ilé wa, ó yẹ kí ojú ti wa láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ. O bẹ Ọlọ́run pé kó ṣí ọ̀nà. Obìnrin tó mọ ìṣòro rẹ, tó ń rí ojú rẹ láràárọ̀, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ẹyẹ ìwò wo ni o tún ń retí?

Kí o tó gbà á, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Èésú làwa àgbà ń pe irú àjọ yẹn. O ò sọ iye tí ẹ ń dá fún mi, ṣùgbọ́n ká ní ẹ jẹ́ mẹ́wàá, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá ₦20,000 lóṣù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó máa gba ₦200,000, tòun náà wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù tó máa fi dá ₦180,000. Gbèsè ni, kò kàn ní èlé. Nítorí náà, má kó o fún ohun gbogbo tó wà nínú ìṣirò ago méjì òru yẹn. San owó ìdánwò, torí ó ní gbèdéke, kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Fi apá kan kún ọjà, kí ìsọ̀ lè san án padà. Ti yunifásítì, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ máa ń gbà kí èèyàn san án lẹ́ẹ̀mejì; kí ọmọ náà lọ béèrè fúnra rẹ̀, ó ti dàgbà. Bá onílé sọ̀rọ̀ kó tó wá bá ọ. Ṣùgbọ́n owó kíákíá orí fóònù, tí wọ́n ń yá ọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, sá fún un. Èlé rẹ̀ ń gun ara wọn, bó bá sì pẹ́, àwọn kan nínú wọn á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ, títí kan ti pásítọ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí, ìwọ àti ọkọ rẹ ni kí ẹ jọ ṣe é, lọ́sàn-án, lórí ìwé. O kọ ọ́ pé ó máa ń jókòó síta títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń rò pé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń jí ní ago méjì, tí ẹ jọ ń dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, tí kálukú ń díbọ́n oorun nítorí ẹnìkejì. Fọwọ́ kàn án. Bí o bá sì jí lóru, má ṣe ìwàásù gígùn fún Ọlọ́run. Dárúkọ ohun kan péré tí ọ̀la máa béèrè lọ́wọ́ rẹ, kí o kó o lé e, kí o yí ẹ̀gbẹ́ padà. Jésù ní búburú ti òòjọ́ tó fún un. Kò sọ pé ọ̀la ò ní ní búburú tirẹ̀, ẹ kíyè sí i.

Mi ò lè ṣèlérí pé ọkọ rẹ máa ríṣẹ́ kí ọdún tó yí. Mo ti rí ẹni tó gbàdúrà bíi tìrẹ tí ilẹ̀kùn ṣí lóṣù tó tẹ̀lé e. Mo ti rí ẹni tí kò ṣí fún. Nínú oṣù méje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọmọ wa kejì ṣàìsàn. A gbàdúrà, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a tún gbàdúrà. A sin ín. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ báyìí, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó wá sọ ìdí fún mi nígbà náà, mi ò rántí ojú wọn mọ́. Ẹni tí mo rántí ni alàgbà kan tó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì láti ìrọ̀lẹ́ di àṣálẹ́, tí kò sọ nǹkan kan, tó dìde, tó ní òun á tún wá lọ́la, tó sì wá.

Lọ́jọ́ Ajé, kí o tó ṣí ìsọ̀, lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Nọ́ńbà méjèèjì tí wọ́n bá sọ fún ọ, kọ wọ́n sẹ́yìn Bíbélì rẹ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó jẹ́, kí o sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí Alájà.